Onílé Kan Lábúlé Àrò

Lọ́dún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó ti ìlú òyìnbó kọ́ṣẹ́ ìwòsàn ọpọlọ dé, kò ti gbogbo aláìsàn tó wá sí ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò ní Abẹ́òkúta mọ́lé. Abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká ló ti gba ilé fún wọn, lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ tó ń gbowó yàrá. Ẹni tó bá ń bọ̀ gbọ́dọ̀ mú ẹbí kan dání, ìyá ni o, ìyàwó ni o, àbúrò ni o, ẹni tí yóò máa se oúnjẹ, tí yóò máa fọṣọ, tí yóò sì tẹ̀ lé e lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, wọn a padà sílé, àwọn mìíràn a tún lọ sóko. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú, nítorí ọ̀rọ̀ aláìsàn tó bá ní ayé ń ṣe òun kì í ṣàjèjì sí wọn.

Àgbẹ̀ tó jẹ́ onílé aláìsàn yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wọ̀ mí lọ́kàn jù. Kò mọ orúkọ tí dókítà ń pe àìsàn náà, ṣùgbọ́n òrùlé kan náà ni wọ́n jọ ń sùn sí. Tí àlejò bá ń rìn káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru, yóò gbọ́. Tó bá kí i láàárọ̀ tí kò dáhùn, yóò mọ̀ pé ara ò dá.

Ayé àtijọ́ kò dùn tán o. Níbòmíràn, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán ni wọ́n fi ń wo wèrè. Àṣírí pàápàá ṣòro í pa mọ́ lábúlé. Lónìí, ọmọbìnrin kan ní Sùúrùlérè lè tilẹ̀kùn yàrá, kó pe olùtọ́jú rẹ̀ lórí fóònù, kó sọ ohun tí kò jẹ́ sọ lójú ìyá rẹ̀. Mi ò sí lára àwọn tó ń bú fóònù.

Lọ́dún 2018, onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn kan, Christoph Flückiger, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 295 jọ lórí àjọṣe aláìsàn àti olùtọ́jú, àwọn aláìsàn inú wọn lé ní 30,000. Wọ́n rí i pé bí aláìsàn àti olùtọ́jú bá ṣe mọwọ́ ara wọn tó, bẹ́ẹ̀ ni ara ṣe ń yá sí, ọ̀nà ìtọ́jú yòówù kí wọ́n lò. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì náà kò yàtọ̀. Edward Bordin, onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn mìíràn, ti sọ ọ́ láti 1979 pé ohun mẹ́ta ló so aláìsàn àti olùtọ́jú pọ̀: kí wọ́n jọ mọ ibi tí wọ́n ń lọ, kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí wọn yóò ṣe débẹ̀, kí wọ́n sì fọkàn tán ara wọn. Èyí ìkẹyìn yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ibẹ̀ ló ti ń dùn mí. Lambo náà ò dúró sí Àrò títí. Ó lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, ó sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n tí dókítà bá lọ, onílé wà, ẹbí wà. Nísinsìnyí tó jẹ́ pé dókítà nìkan ló kù fún ọ̀pọ̀ aláìsàn, òun náà ń jápa.

Màmá kan tí mo mọ̀, dókítà rẹ̀ ti mọ́ ọn lára kí ó tó lọ Kánádà. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ náà ò pẹ́ tó fi gba ìlú òyìnbó lọ. Ọ̀dọ́ kan ló wà lórí àga báyìí. Ó ṣí fáìlì tó ti nípọn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló ń ṣe yín gan-an? Ẹ sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀." Màmá tún bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú. Ọ̀dọ́ náà mọṣẹ́, oògùn tó kọ kò yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá. Láti ìgbà náà, ọmọ ni màmá ń rán lọ gba oògùn.