Gate Rèé, Ilé Irin!

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ Olúyọ̀lé! Ẹ wọkọ̀ ní Challenge, ẹ gba Mọ́lété, ẹ kọjá Bẹẹrẹ, ó di Gate, ní ọjà sípíà páátì Aráròmí. Ọ́ìlì dúdú àti ariwo irin ló máa kí yín káàbọ̀. Kí àgbẹ̀ tí tírákítọ̀ rẹ̀ dákú lásìkò òjò tó náwó, kó gbọ́ o: Perkins 3.152 inú Massey Ferguson 135 àti 4.203 inú 165 àkọ́kọ́, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ihò sílíńdà àwọn méjèèjì fẹ̀ ní ínǹṣì 3.6. Ṣùgbọ́n orí písítìnì wọn lè yàtọ̀, nítorí ọ̀nà tí dísẹ̀lì ń gbà wọlé. Ẹni tó bá fi tipá kì í bọ̀ ọ́, owó lọ, òjò náà lọ! Ẹ mú ògbólógbòó páátì dání, kẹ́ ẹ sì ka nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o!