Máàpù Èkó Àtijọ́: Ẹ Má Wo Títì Nìkan

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ sún mọ́bí. Máàpù Èkó kan wà tí W. T. G. Lawson yà ní 1885. Wọ́n ti tún un tẹ̀ sínú ìwé, ó sì dùn ún wò.

Ẹ ò ní rí afárá Carter níbẹ̀, torí 1901 ni wọ́n ṣí i. Ọkọ̀ ojú omi làwọn èèyàn ń wọ̀ wá láti Ìdó. Ẹ ò ní rí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, èyí tí João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, kọ́, tí wọ́n sì ṣí ní 1894. Pópó Àgùdà làwọn tó ti Brazil dé tẹ̀dó sí: káfíńtà, bíríkìlà, télọ̀.

Ẹ wá fi wé máàpù ìgbà tiwa. Ní 1955, ìgbìmọ̀ LEDB gbé ètò kalẹ̀ láti wó ilé láàárín Èkó, wọ́n ní ibẹ̀ há, ó sì dọ̀tí. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Lórí máàpù, iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n máàpù kì í ya oníbàárà o! Ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀ dé ilé tuntun, kò bá oníbàárà níbẹ̀. Owó ọkọ̀ sì ń jẹ èrè. Ẹbí tó wà lágboolé kan fọ́n ká.

Bí máàpù yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ pe àgbà ilé jókòó, kó fìka tọ́ka sí ojúlé yín, kẹ́ ẹ kọ orúkọ àwọn tó gbé ibẹ̀ sílẹ̀. Bí àgbà bá lọ, ta ni yóò júwe rẹ̀?