Ẹ Má Fa Ìwọ̀ Yẹn

Ká má parọ́, àìríṣẹ́ṣe ló gbé wa dé ìdí ìwọ̀. Ọdún 2022 ni, nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Èrèlé títí wọ oṣù Ọ̀wàrà. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Ẹ̀yin tí a jọ wà ní sáà yẹn ò ní í gbàgbé. Àwa méjì tí à ń kọ èyí, ọmọ Ailegun ni wá, a sì tún bá ara wa ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá. Nígbà tí a ti wo gbogbo fíìmù tó wà lórí fóònù tán, tí àwọn òbí wa ti ń wò wá bí àlejò tó kọ̀ tí kò lọ mọ́, la rí bàbá kan létí kánáàlì Òkè-Àfá.

Orí kẹ́ẹ̀gì tó dojú dé ni Bàbá máa ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pá ọparun ló fi ń dẹ ìwọ̀, ó sì so ègé sílípáàsì pupa kan mọ́ okùn kó lè máa léfòó. A dọ̀bálẹ̀, a ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n kọ́ wa. Wọ́n bi wá pé kí là ń kọ́ ní yunifásítì. A ní Yorùbá ni.

"Owó lẹ wá ń san kí wọ́n tó kọ́ yín lóhun tí ìyá yín ti kọ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́?"

Ó ti mọ́ wa lára. Ẹ̀yin náà ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n a ò kúkú fi bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀kọ́, torí YouTube ti kọ́ wa tẹ́lẹ̀. Òyìnbó kan níbẹ̀ máa ń fa okùn rẹ̀ fìrì fìrì, kí ẹja lè rò pé nǹkan abẹ̀mí ló ń sá lọ. Àwa náà ń fà. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi fa ekòló kiri inú omi, ọ̀rá piọ́ wọ́tà àti Pampers la sì ń rí mú. Lọ́jọ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà sú Bàbá.

"Ẹ má fa ìwọ̀ yẹn mọ́! Ṣé ẹ̀ ń pe ẹja ni, àbí ẹ̀ ń lé e?"

Àrọ̀ ló pọ̀ jù nínú omi náà. Omi yẹn dúdú, ojú ò sì lè ríran jìnnà nínú rẹ̀. Irùngbọ̀n tó yí ẹnu àrọ̀ ká ló fi ń wá oúnjẹ, á máa táràrà nísàlẹ̀ omi lóru bí ẹni tó ń wá ìṣáná nígbà tí iná lọ. Bí ekòló bá jókòó jẹ́ẹ́ sójú kan, òórùn rẹ̀ á máa tàn díẹ̀díẹ̀ títí àrọ̀ á fi dé ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá ń fà á kiri ń gbé àwo kúrò níwájú afọ́jú ni.

A tún padà sórí YouTube (dátà ò wọ́n tó báyìí nígbà náà), a sì rí i pé àwọn ará Amẹ́ríkà náà mọ̀ ọ́n. Deadsticking ni wọ́n ń pè é. Ẹja kan tó ń jẹ́ bass ni wọ́n ń fi í mú, pàápàá nígbà òtútù. Bí omi bá ti tutù, ara ẹja á tutù bíi tirẹ̀, kò ní í lágbára àtilé ohun tó ń sáré. Wọ́n á wá ju aràn oníke rírọ̀ sílẹ̀, irú Senko tí Gary Yamamoto ṣe, á rọra rì, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Òkùnkùn ló fà á lọ́dọ̀ tiwa, òtútù ló fà á lọ́dọ̀ tiwọn. Bàbá ò sì ra dátà rí.

A gbìyànjú ẹ̀. Ó le ju bí a ṣe rò lọ. Olùkọ́ wa kan ti sọ fún wa pé inú èdè Lárúbáwá la ti yá sùúrù. Ìfarabalẹ̀ ló jẹ́ tiwa pátápátá: kí èèyàn fi ara rẹ̀ balẹ̀, kí ara náà kan ilẹ̀. Ohun tó ṣòro fún wa gan-an nìyẹn, torí ọwọ́ ń yún wa. Nígbà tó yá, sílípáàsì gbọ̀n díẹ̀. A fò dìde. Bàbá ní, "Kò tíì gbé e." Ó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. "Kò tíì gbé e." Ló bá rì lójijì, Bàbá ní, "Ó yá!" Àrọ̀ tó gùn tó láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́ la fà jáde. Ariwo tí a pa lọ́jọ́ náà, ẹ má bi wá.

A fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbé e délé. Mọ́mì ọ̀kan nínú wa wo inú rẹ̀.

"Níbo lẹ ti rí i?"

A ní Òkè-Àfá ni. Wọ́n da ìdérí padà bò ó, wọ́n sì wọlé lọ.

Alẹ́ ni wọ́n tó jáde sí wa. A mọ ìtàn Sunday, 27 January 2002. Gbogbo ọmọ àdúgbò wa ló mọ̀ ọ́n. Ilé tí wọ́n ń kó àdó olóró sí ní bárékè Ìkẹjà gbiná, àdó ń bú gbàù, àwọn èèyàn ò sì mọ ohun tó dé, wọ́n ń sá nínú òkùnkùn. Ewéko ti bo ojú kánáàlì, ó jọ ilẹ̀. Àwọn tó wà níwájú wọ inú rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn ń tì wọ́n. Àwọn tó kú lé ní 1,000, inú omi yẹn sì ni púpọ̀ nínú wọn kú sí.

Ohun tí a ò mọ̀ ni pé Mọ́mì wà láàárín èrò náà, pẹ̀lú oyún oṣù méje. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ti wú, àwọn ò lè sáré mọ́. Àwọn bá di òpó iná kan mú, àwọn ò mì. Èèyàn ń gbá àwọn, wọ́n ń pariwo pé kí àwọn sáré, àwọn kàn dúró. Aládùúgbò tó di ọwọ́ àwọn mú láti ilé ò dúró. Oṣù Ẹrẹ́nà ọdún yẹn ni wọ́n bímọ, ọ̀kan nínú àwa méjì tí à ń kọ èyí.

Wọn ò bú wa. Wọ́n kàn ní àwọn ò lè jẹ ẹja omi náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì padà sọ́dọ̀ Bàbá, a sì ròyìn fún wọn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹnì kan wà tí àwọn náà mọ̀ tó wọ omi yẹn. Wọn ò sọ ẹni tó jẹ́, a ò sì bi wọ́n. Wọ́n rọra da àrọ̀ náà padà sódò, wọ́n sì jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì wọn.

A ṣì máa ń lọ bí a bá wà nílé. Bí a bá mú ẹja, a máa ń tú u sílẹ̀ ni. Nǹkan kan péré ni Mọ́mì bẹ̀ wá, pé ká má jókòó sétí omi gan-an. A ti ra okùn tó gùn sí i.