Ire Ni, Ṣùgbọ́n Èló?



Wọ́n fi ilé àtijọ́ kan lọ̀ mí n'Íbàdàn, pé kí n tún un ṣe, kí n gba ayálégbé sí i. Mílíọ̀nù 12 ni wọ́n pè é. Mo dífá, Ifá ní ire ni. Mo ti fẹ́ kó gbogbo owó ọjọ́ ogbó wa jáde, ni ìyàwó mi bá ní: "Bàbá Fáṣọlá, ṣé Ifá sọ iye fún yín ni?"

Mo mú bíríkìlà àti káfíńtà lọ. Páànù ti dógùn-ún, ògiri ti là: àtúnṣe mílíọ̀nù 5. Èyí tó dára ládùúgbò yẹn, 15 ni wọ́n ń tà á. Mo yọ 5, mo yọ 1 fún lọ́yà àti àjẹ́ńtì, mo yọ 2 fún ohun tójú ò tíì rí. Ó ku 7. Mo ní 7 ni n ó san.

Wọ́n tà á fún ẹlòmíràn. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n owó wa ṣì wà nílé. Ìyẹn náà, ire ni.

Ẹ dífá, kẹ́ ẹ sì ṣírò.