Déètì Tó Wà Lẹ́yìn Káàdì

Ọjọ́ kẹta tí ìyàwó mi bímọ ni Mọ́mì mi tẹjú mọ́ ọmọ náà, wọ́n ní, "Ojú ọmọ yìí ti ń pọ́n o. Ẹ gbé e sí oòrùn àárọ̀." A gbé e síta. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, kò fẹ́ mu ọyàn mọ́. A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Fọlágbádé, ó di ọsibítù.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n gbé e sábẹ́ iná búlúù fún ọjọ́ mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì bi wá bóyá káńfọ̀ wà nínú aṣọ ọmọ. Ó wà ńbẹ̀. Aṣọ tí èmi fúnra mi wọ̀ ní kékeré ni Mọ́mì kó jáde látinú àpótí. Ó ṣe tán, àwọn ọmọ kan wà tí èròjà tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó lára wọn, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Tí káńfọ̀ bá wọ ara wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn á máa fọ́, ojú á máa pọ́n. Oòrùn àárọ̀ lásán ò lè wò ó. Èyí tí wọ́n dán wò ní Èkó, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2015, abẹ́ àgọ́ tí wọ́n fi ọ̀rá pàtàkì bò ni. Ọ̀rá náà ń sẹ́ ìtànṣán tó lè pa ọmọ lára, àwọn eléètò ìlera sì ń ṣọ́ wọn.

Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀, wọ́n kọ déètì sẹ́yìn káàdì: ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Lọ́dọ̀ tiwa, tí app bá ti ń ṣiṣẹ́ padà, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ojú ọmọ ti mọ́, ó ń sanra. Lọ́jọ́ tó yẹ ká lọ, iṣẹ́ há mi lọ́rùn. Mo ní, "Ṣebí ara ọmọ ti yá." Ìyàwó mi wò mí, kò sọ̀rọ̀.

Ní oṣù kẹrin, ìdérí ìkòkò já bọ́ ní kíṣíìnì, gbàgà! Èmi fò sókè. Ọmọ ò mira. Ìyàwó mi pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún pa á.

Dókítà kò jágbe mọ́ wa. Ó ní ohun tó ń mú ojú pọ́n yẹn, tó bá pọ̀ jù, ó lè wọ ọpọlọ, kó ba ìgbọ́ràn tàbí ìrìn ọmọ jẹ́. Ojú lásán ò lè rí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní ká padà wá. Ó ní ó yẹ kí wọ́n ti yẹ etí rẹ̀ wò kó tó pé oṣù mẹ́ta.

A wọkọ̀ ní Ìbàdàn Garage, ó di UCH. Wọ́n fi nǹkan sí i létí bó ṣe ń sùn, kọ̀ǹpútà sì ń ka bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń dáhùn. N kò gbàdúrà níwájú kọ̀ǹpútà rí àfi ọjọ́ yẹn. Etí ọ̀tún dáhùn díẹ̀, tòsì kò dáhùn. Wọ́n tún fún wa ní déètì.

Ó ti wà lórí fóònù mi, ó wà lára fíríìjì. Mo bẹ ìyàwó mi. Ó ní ọmọ ni kí n lọ bẹ̀. Etí ọ̀tún ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀.