Ìrìn-Àjò Wa sí Ọ̀wọ̀ àti Ilẹ̀ Ọ̀sẹ́: Tábìlì Méjì ní Ìfọ́n

Ìrìn-àjò kan gbé mi dé Ọ̀wọ̀ àti ilẹ̀ Ọ̀sẹ́ ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2023, mo sì rí ohun kan níbẹ̀ tí kò jẹ́ kí ọkàn mi sinmi títí mo fi mú kálàmù. Ìwé ìṣirò ni wọ́n rán mi lọ yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ìṣirò mìíràn ni mo gbé padà wá sílé: báwo ni Kristẹni méjì ṣe lè fẹ́ràn ara wọn tọkàntọkàn, kí wọ́n má sì lè jẹun pọ̀ ní tábìlì Olúwa?

Ọjọ́ Ẹtì ni mo kúrò ní Àkúrẹ́. Ọkọ̀ wa la Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ kọjá, ó la Ùsò, ó sì la Ẹ̀mùrè-Ilé. Òjò àrọ̀kúrò ṣú, àwọn obìnrin sì ń sáré fi ọ̀rá bo kòkó tí wọ́n sá sí ẹ̀bá ọ̀nà. Kí oòrùn tó yẹ àtàrí ni mo dé Ọ̀wọ̀, níbi tí ẹnìkejì mi nínú iṣẹ́ náà ti ń dúró dè mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ọ̀rẹ́ mi yìí jẹ́, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ọmọ Ibesikpo ni, ní ẹ̀bá Uyo, ní Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom. Ó ti lé ní 20 ọdún tí ó ti ń gbé Ọ̀wọ̀. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn, ẹ ó pè é ní ọmọ àdúgbò Ìjẹ̀bú ní Ọ̀wọ̀ níbẹ̀. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, “Tíṣà” ni ó sì máa ń pè mí, nítorí iṣẹ́ katikíìsì tí mo ń ṣe nínú ìjọ Áńgílíkà. Òun ní tirẹ̀, ọmọ ìjọ Lutheran ni, láti ọwọ́ ìyá rẹ̀ wá.

Kí a tó jókòó ti ìwé, ó mú mi lọ wo ààfin Ọlọ́wọ̀, tí àgbàlá rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbà fi ń sọ pé wọ́n tó 100 ní ayé àtijọ́. Ó sì sọ ìtàn Igbó Làjà fún mi. Ní ọdún 1969 àti 1971 ni Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ibẹ̀, tí ó sì rí àwọn ère amọ̀ tí ó ti wà nínú ilẹ̀ láti nǹkan bí 500 ọdún. Àwọn onímọ̀ rí ọwọ́ Ifẹ̀ nínú ère wọ̀nyí, wọ́n sì rí ọwọ́ Ìbíní pẹ̀lú. Síbẹ̀ ti Ọ̀wọ̀ ni wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, ẹ rántí pé ọmọ apá Calabar, lọ́dọ̀ tiwa lọ́hùn-ún, ni Ekpo Eyo. Àjèjì ni ó bá onílé wá ohun ìní rẹ̀ rí.”

Bí a ti ń padà bọ̀, a gba Òpópó Ọ̀wálùwà, ẹ̀rín sì tán lẹ́nu wa. Níbẹ̀ ni ilé ìjọsìn Kátólíìkì ti Francis Xavier Mímọ́ wà. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Òkúdù ọdún 2022, ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, nígbà tí àwọn oníbọn wọlé tọ ìjọ tí ó ń sìn, tí wọ́n sì pa ènìyàn 40 ó kéré tán, tọmọdé tàgbà. A dúró, a ṣí fìlà. Ó sọ fún mi pé ní ọ̀sẹ̀ náà, nígbà tí wọ́n kéde pé àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀, òun lọ tò sẹ́yìn àwọn ènìyàn ní ilé ìwòsàn, òun sì na apá. “Ẹnikẹ́ni kò bèèrè ìjọ tí mo ń lọ,” ni ó wí. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sínú.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta a gba Ìpele lọ sí Ìdóàní, nínú ilẹ̀ Ọ̀sẹ́. Ìlú ẹ̀bá òkè ni, Aláni ni orúkọ oyè ọba ibẹ̀. Àpapọ̀ àdúgbò ni ìlú náà, àwọn ará Ìyàyú tí ó wà nínú rẹ̀ sì ní èdè tiwọn tí Yorùbá gidi kò gbọ́. Wọn kò sọ èdè wọn nù kí wọ́n tó lè jẹ́ ará ìlú kan pẹ̀lú àwọn yòókù. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì purọ́ pé èdè kan náà ni gbogbo àwọn ń sọ. Bí wọ́n bá pàdé lọ́jà, èdè tí ó yé tọ̀tún tòsì ni wọ́n ń ná ọjà.

A kò pẹ́ níbẹ̀, nítorí a fẹ́ dé Ìfọ́n, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, kí oòrùn tó rẹlẹ̀. Ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n kì í ṣe ọ̀nà tí ènìyàn ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní oṣù Bélú ọdún 2020 ni wọ́n pa Olúfọ́n, Ọba Adegoke Adeusi, lójú ọ̀nà yìí bí ó ti ń ti Àkúrẹ́ bọ̀. Awakọ̀ wa kò sọ̀rọ̀ títí a fi rí òrùlé ilé Ìfọ́n. Ọ̀rẹ́ mi ni ó gbàdúrà sókè, èmi àti àwọn èrò yòókù sì ṣe “Àmín” kíkan. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ìjọ rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọjọ́ Ìsinmi ni ọ̀rọ̀ dé. Mo mú un lọ sí ìjọ wa ní Ìfọ́n, mo sì fi í han ìjọ gẹ́gẹ́ bí arákùnrin wa nínú Olúwa. Ó kọrin pẹ̀lú wa, ó sì fetí sí ìwàásù. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlùfáà pè wá sí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, tí ìlà dé ọ̀dọ̀ wa, ó yẹ̀ fún mi láti kọjá, ó sì jókòó. Gbogbo ojú ni ó wò ó. Mo gbọ́ tí ìyá kan sọ lẹ́yìn mi pé, “Àbí ó ń bínú sí wa ni?” Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí n má purọ́, ojú tì mí, inú sì bí mi. Mo lọ síbi tábìlì Olúwa pẹ̀lú ìbínú lọ́kàn, èyí tí kò dára.

Lẹ́yìn ìsìn, ìyá àgbà kan nínú ìjọ pè wá wá jẹ iyán. Ọ̀rẹ́ mi jẹ ẹ́ dáadáa, ó sì tọrọ ọbẹ̀ sí i. Nígbà tí a ṣan ọwọ́ tán, ìyá náà wò ó, ó ní, “Ọmọ mi, o jẹ oúnjẹ mi, o kò jẹ oúnjẹ Olúwa pẹ̀lú wa. Kí ni a ṣe fún ọ?”

Ó dọ̀bálẹ̀ kí ó tó dáhùn. “Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ kò ṣẹ̀ mí. Ní ìjọ tiwa, wọ́n kọ́ wa pé àwọn tí ó bá jẹun pọ̀ ní tábìlì náà ń sọ fún ayé pé ohun kan náà ni àwọn gbàgbọ́. Ọ̀rọ̀ ìjọ mi àti ti ìjọ yín kò tíì bára mu tán. Bí mo bá jẹ ẹ́ lónìí, irọ́ ni mo pa níwájú Ọlọ́run, ẹ̀yin ni mo sì fi ṣe ẹlẹ́rìí. Èmi náà kò jẹ́ kí ebi rẹ̀ má pa mí. Ìgbà tí mo bá lọ sílé ní Kérésìmesì ni mo ń jẹ ẹ́.”

Ìyá náà dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, “Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mú kí ọ̀rọ̀ yín bára mu?” Ọ̀rẹ́ mi kò rí èsì fọ̀. Èmi pẹ̀lú kò rí.

Nígbà tí à ń padà sí Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ Ajé ni ó tú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún mi, mo sì rí i pé ìbínú mi kò ní ẹsẹ̀. Mo rò pé àwa ni ó yà sọ́tọ̀. Èmi kò mọ̀ pé ọ̀ràn náà wà nínú ilé bàbá rẹ̀.

Ní ọdún 1872 ni àwọn ìjọ Lutheran mélòó kan ní Amẹ́ríkà, Missouri àti Wisconsin láàárín wọn, dá àjọ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Synodical Conference. Wọ́n jọ gba Ìwé Ìṣọ̀kan ti ọdún 1580, nínú èyí tí Ìjẹ́wọ́ Augsburg ti ọdún 1530 wà, wọn kò sì yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Nítorí náà oníwàásù wọn lè gun pẹpẹ ara wọn, wọ́n sì ń jẹ ní tábìlì kan. Ní ọdún 1928 ni àwọn ará Ibesikpo rán ọmọ wọn, Jonathan Udo Ekong, lọ sí Amẹ́ríkà láti kẹ́kọ̀ọ́ àti láti wá ìjọ tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́. Àjọ yìí ni ó bá pàdé. Ní ọdún 1936, Henry Nau, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Immanuel tí àjọ náà dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní Greensboro, dé Ibesikpo láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Missouri àti Wisconsin ni ó jọ gbin igi kan náà.

Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn dé bá àwọn tí ó gbìn ín, lórí ìdàpọ̀ gan-an ni ó sì dé. Wisconsin ní Missouri ti ń bá àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kò tíì dọ́gba gbàdúrà, ó sì ń bá wọn ṣe iṣẹ́ ìjọ. Missouri kò gbà pé òun ṣẹ̀. Ní ọdún 1961 ni Wisconsin yọwọ́ nínú ìdàpọ̀ pẹ̀lú Missouri. Ní ọdún 1963 ó fi àjọ náà sílẹ̀. Ní ọdún 1967 àjọ náà tú. Òkun ńlá wà láàárín wa àti ìjà yìí, síbẹ̀ ó rékọjá rẹ̀. Ìjọ Lutheran ti Nàìjíríà dúró ti Missouri. Ìjọ Lutheran ti Kristi Ọba, tí ó wà ní agbègbè kan náà, bá Wisconsin dàpọ̀. Ọdún kan náà, 1993, ni a dá àjọ àgbáyé méjì sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà nínú tirẹ̀.

“Tíṣà,” ni ọ̀rẹ́ mi wí, “ìyá mi wà nínú ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi wà nínú èkejì. Ìwé ẹ̀kọ́ kékeré kan náà ti Luther ni àwọn méjèèjì kọ́ sórí. Ní àárọ̀ Kérésìmesì, ìyá gba ọ̀tún, ọmọ gba òsì. Bí wọ́n bá padà dé, ìyá á bu oúnjẹ fún gbogbo wa nínú àwo kan. Ẹ wò ó, bí mo bá lè jókòó ní Ìfọ́n láì jẹ ẹ́, ilé wa ni mo ti kọ́ ọ.”

Mo ronú títí a fi dé Ọ̀wọ̀. Mo rántí pé kì í ṣe àwọn Lutheran nìkan ni èyí bá. Ní oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 1965 ni ó yẹ kí ìjọ Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Presbyterian ní Nàìjíríà di ìjọ kan. Ọjọ́ ti pé, gbogbo nǹkan sì ti wà ní sẹpẹ́, kí ó tó fọ́. Mo sì rántí gbèsè kan tí a jẹ. David Hinderer, ẹni tí CMS rán sí Ìbàdàn, tí ó sì padà wá ní nǹkan bí ọdún 1875 láti la ọ̀nà iṣẹ́ sí Oǹdó, ọmọ Württemberg ní Jámánì ni, ilẹ̀ àwọn Lutheran. Gollmer tí ó bá Crowther àti Townsend gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1845, ọmọ ilẹ̀ kan náà ni. Lẹ́yìn Hinderer ni Charles Phillips dé Oǹdó ní ọdún 1877. Àwa tí à ń jẹun ní tábìlì Áńgílíkà ní apá ibí yìí, ọwọ́ ọmọ Lutheran wà nínú ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ́ ẹ.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí, ẹ̀yin ará. Àṣìṣe méjì ni ó wà lójú ọ̀nà. Èkíní ni láti rò pé ẹni tí kò bá wa jẹ tábìlì Olúwa kórìíra wa. Ọ̀rẹ́ mi kò lè na ọwọ́ sí ago ìjọ Kátólíìkì ní Ọ̀wálùwà, ṣùgbọ́n ó na apá rẹ̀ fún abẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú ara ọmọ Kátólíìkì kan lónìí. Kí a tó ran aládùúgbò lọ́wọ́, a kò ní láti dúró de ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù. Àṣìṣe kejì ni láti rò pé, nítorí a ti ran ara wa lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti parí, kí a máa pe ohun tí kò tíì dọ́gba ní dídọ́gba. Ìdàpọ̀ tí a fi irọ́ lẹ̀ kì í rí òjò kan kọjá.

Síbẹ̀ ìbéèrè ìyá àgbà Ìfọ́n kò jẹ́ kí n fi ọwọ́ lẹ́rán. Ẹni tí ó bá ń jókòó nítorí òtítọ́ gbọ́dọ̀ dìde nítorí òtítọ́ pẹ̀lú, kí ó lọ bá arákùnrin rẹ̀ sọ̀rọ̀. Láti ọdún 2012 ni àwọn aṣojú Missouri àti Wisconsin, pẹ̀lú ìjọ Lutheran kékeré kan tí ó bá Wisconsin rìn, tún bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó pọ̀, kì í ṣe láti jẹun, bí kò ṣe láti bi ara wọn léèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ti yà. Ó lé ní 50 ọdún tí wọ́n ti pínyà kí ìjókòó náà tó bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó sàn ju ìdákẹ́jẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni ọ̀rẹ́ mi pè mí lórí ẹ̀rọ láti Ibesikpo. Mo bi í bóyá ó ti jẹ Oúnjẹ Olúwa. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú ìyá òun. Mo bi í nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, lọ́dún yìí, a jókòó lẹ́yìn oúnjẹ, a ṣí ìwé ẹ̀kọ́ kékeré náà, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbéèrè kìíní. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dìde.”

Ẹ bá mi kí ìyá àgbà ní Ìfọ́n, bí ìwé yìí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dìgbà kan ná.