Ẹ̀rí Kò Tó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu, ẹ̀rín ni wọn yóò fi òun rín ńkọ́? Ọ̀rọ̀ Barney Hill àti Betty ìyàwó rẹ̀ ló mú mi bi ara mi ní ìbéèrè yìí.

Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, ní òru ọjọ́ 19 mọ́jú ọjọ́ 20, oṣù kẹsàn-án, 1961. Tọkọtaya yìí lọ sinmi ní Kánádà, wọ́n sì ń darí bọ̀ wálé, àwọn àti ajá wọn nínú mọ́tò. Àárín òkè New Hampshire ni wọ́n ń gbà kọjá tí wọ́n fi rí ìmọ́lẹ̀ kan lókè tó dà bí ẹni ń tẹ̀ lé wọn. Barney dá mọ́tò dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú. Ohun tó ní òun rí ni nǹkan ńlá kan tó ní fèrèsé, tí àwọn ẹ̀dá kan sì ń wo òun láti inú rẹ̀. Eré ló sá padà sínú mọ́tò. Ilẹ̀ ti ń mọ́ kí wọ́n tó délé.

Betty ní àfi káwọn sọ fún ìjọba. Barney ní káwọn gbàgbé ẹ̀. Èmi ò bá a wí o. Ẹ wo irú ẹni tó jẹ́: aláwọ̀ dúdú, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, tó fẹ́ obìnrin aláwọ̀ funfun nígbà tí òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ṣì ka irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọdún 1967 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù tó fagi lé irú òfin yẹn. Ojú tó ń wo Barney ti pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣé òun náà ló tún máa wá sọ pé òun rí abàmì lófuurufú?

Betty ṣáà tẹ àgọ́ ọmọ ogun òfuurufú tó wà ní Pease láago. Àmọ́ wọn ò sọ gbogbo ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dá ojú fèrèsé, wọ́n gbé e mì, kí wọ́n má baà pè wọ́n ní wèrè. Méjọ̀ Paul Henderson bá wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, ó kọ ọ́ sílẹ̀, fáìlì gbéra, ó di ọ̀dọ̀ Project Blue Book, ọ́fíìsì tí àwọn ológun dá sílẹ̀ fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ni èsì? Wọ́n ní ó jọ pé Jupiter ni, èyí tó máa ń tàn bí ìràwọ̀ ńlá. Nígbà tó yá, wọ́n tún un kọ: ẹ̀rí kò tó. Kí ọ́fíìsì náà tó kógbá sílé ní 1969, ẹjọ́ 12,618 ló wà nínú ìwé wọn. 701 ni wọn ò rí àlàyé fún.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, n kò sọ pé ará ọ̀run ni wọ́n rí. Jupiter wà lókè lóru ọjọ́ náà lóòótọ́. Ní 1964, Dókítà Benjamin Simon fi oorun àtọwọ́dá wádìí lẹ́nu wọn, wọ́n sì ní àwọn ẹ̀dá náà gbé àwọn wọnú ọkọ̀ wọn. Dókítà fúnra rẹ̀ ò gbà pé ó ṣẹlẹ̀. Ó ní inú àlá Betty ni ìtàn náà ti wá.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbọ́, tí wọ́n fi ní ẹ̀rí kò tó. Báwo ni ẹ̀rí ṣe máa tó nígbà tí ẹlẹ́rìí ń bẹ̀rù ẹ̀rín? Ojú lọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe etí tẹlifóònù. Barney kú ní 1969, ọmọ ọdún 46 péré. Betty wà láyé títí di 2004, ó ń tún ìtàn náà sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jókòó sẹ́yìn tábìlì, yálà ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá, ní ọsibítù tàbí ní ilé ìwé, ẹ fìyẹn sọ́kàn. Bí mẹ̀kúnnù bá wá sọ ohun tójú ẹ̀ rí, ẹ fún un ní ìjókòó ná, kẹ́ ẹ má rẹ́rìn-ín. Tó bá sọ ọ́ tán, ẹ lè wá sọ pé ìràwọ̀ ni.